Ẹni Ọmọ Sin: Ìfẹ́ àti Ikú ní Ìjẹmọ̀ àti ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin olùwòran wa, àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Nínú òwe yìí ni ìfẹ́ àti ikú ti so kọ́ra. Ní Abẹ́òkúta àtijọ́, ẹbí ni ó ń wẹ òkú àgbà, inú ilé rẹ̀ ni a sì ń sin ín sí. Ìṣe ọkọ ọmọ níbi òkú àna ni a sì fi ń mọ bí ó ti ka ìyàwó rẹ̀ sí tó.

Ìtàn Ìjẹmọ̀ fi hàn pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni ó ni òkú. Ní 1914, bàbá àgbà kan, Ṣóbìyí Pọ́nládé, kú sínú àhámọ́ ìjọba Ẹ̀gbá. Gbogbo Ìjẹmọ̀ gba ikú náà sí tiwọn. Wọ́n ní kí a yọ Adégbóyèga Ẹdun, akọ̀wé ìjọba, kúrò nípò. Ní ọjọ́ 8 oṣù Ògọ́sítì, àwọn sójà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí wọn. Àwọn tí ó kú ju 30 lọ, Olúwo Ìjẹmọ̀ sì wà lára wọn. Láàárín ọdún náà ni òmìnira tí àdéhùn 1893 fi fún Ẹ̀gbá dópin.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Amẹ́ríkà. Nígbà ogun abẹ́lé wọn, láti 1861 sí 1865, àwọn ọmọ ogun ń kú jìnnà sí ilé. Òbí àti aya tí ó fẹ́ rí ojú ẹni wọn lẹ́ẹ̀kan sí i a máa sanwó kí a fi oògùn sí òkú, kí ó má baà jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún Ààrẹ Lincoln ní 1865, kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé e láti Washington lọ sí Springfield. Ìfẹ́ ni ó bí àṣà yìí. Nígbà tí ó yá, ó di òwò, iṣẹ́ ọmọ sì bọ́ sọ́wọ́ alágbàṣe.

Irú àṣà bẹ́ẹ̀ ti wọ àárín wa. Mọ́ṣúárì ń fún ọmọ tí ó wà lókè òkun láyè láti wá sin òbí rẹ̀, èyí dára. Sinimá Amẹ́ríkà pẹ̀lú, tí a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n láti ìgbà tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹni méjì péré ni ìfẹ́. Níbo ni àna yóò wá dúró sí lọ́jọ́ ìsìnkú?

Síbẹ̀, ní 1972, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Adéfúnmi, ẹni tí ó dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970, wá sí Abẹ́òkúta, a sì tẹ̀ ẹ́ ní Ifá. A ti fi òwò ẹrú já àwọn baba ńlá rẹ̀ gbà kúrò lọ́dọ̀ àwọn òkú wọn. Ó padà wá wá ọ̀nà tí yóò fi máa bá wọn sọ̀rọ̀, a sì ń ṣe ọdún egúngún ní abúlé rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ẹni tí ó ní kí a má gba àṣà àlejò. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: bí a bá ti sanwó fún ohun gbogbo tán, apá wo nínú òkú òbí wa ni ọwọ́ wa yóò fi kàn?