Ẹgbẹ́ Tó Ń Ṣèpàdé Nínú Ihò Àpáta

Gbogbo ìgbà tá a bá ti pe ìpàdé, àwíjàre kì í tán: gbọ̀ngàn ò tíì parí, òjò ń rọ̀, ọ̀nà jìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹgbẹ́ kan tí kò ní gbọ̀ngàn rárá fún yín.

Apá gúúsù orílẹ̀-èdè Japan ni. Kagoshima ni wọ́n ń pe ibẹ̀ lónìí; Satsuma ló ń jẹ́ látijọ́, ìdílé Shimazu ló sì ń ṣàkóso rẹ̀. Lọ́dún 1597, wọ́n fòfin de ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà kan tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn gan-an, èyí tó ti ọwọ́ Shinran wá. Ẹ̀sìn náà ò le. Gbólóhùn kan ni wọ́n máa ń pè léraléra: Namu Amida Butsu. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, mo fi ara mi lé Búdà Amida lọ́wọ́. Shinran kọ́ wọn pé ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, kì í ṣe pé wọ́n ń tọrọ nǹkan.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló wá burú nínú ìyẹn? Ní agbègbè Kaga, àwọn ọmọ ìjọ yìí kan náà ti ṣẹ́gun aláṣẹ wọn lọ́dún 1488, ó sì tó nǹkan bí 90 ọdún tí agbára fi wà lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe àdúrà ló ń ba àwọn alágbára lẹ́rù o. Àwọn mẹ̀kúnnù tó ń kóra jọ ni.

Àwọn ará Satsuma ò jáwọ́ ṣá. Kò sí tẹ́ńpìlì, kò sí àlùfáà tó lè yọjú ní gbangba. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kéékèèké sílẹ̀ ládùúgbò, tí wọ́n ń pè ní kō. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Japan. Àwọn míì tiẹ̀ wà fún owó dídá, bí èésú tiwa gẹ́lẹ́. Wọ́n ń dáwó, wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní bòókẹ́lẹ́ sí tẹ́ńpìlì Hongwanji ní Kyoto. Wọ́n fi àwòrán Amida pa mọ́ sínú àpò agbòjò àti àpótí aṣọ. Tílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á wọnú ihò àpáta lọ, níbi tí ohùn wọn ò ti ní jáde síta, wọ́n á jọ máa pe gbólóhùn wọn.

Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ jìyà. Wọ́n á ní kó kúnlẹ̀ sórí igi ẹlẹ́nu mímú, wọ́n á wá gbé òkúta ńlá lé e nítan. Ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà ṣì wà ní tẹ́ńpìlì wọn ní Kagoshima. Òkúta omijé ni wọ́n ń pè é.

Ọdún 1876 ni òfin náà tó kúrò. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: 279 ọdún! Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ ọmọ wọn náà ti kú, síbẹ̀ ẹgbẹ́ ò kú. Títí dòní làwọn èèyàn ń lọ wo àwọn ihò yẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní ká má parí gbọ̀ngàn wa o. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbọ̀ngàn kọ́ ni ẹgbẹ́. Tí ìpàdé bá tún yá, tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì, ẹ jẹ́ ká jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan. Ẹ ṣáà wá.