Ta ni yóò san owó oògùn HIV?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Adójútòfò: ohun tó ń dójú ti òfò. Orúkọ ńlá ni, fún ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kétu kò tíì forúkọ sílẹ̀ fún.

Ní 2002 tí ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn tó ń ká kòkòrò HIV lọ́wọ́ kò, ₦1,000 ni aláìsàn ń san lóṣù. Ẹgbẹ̀rún kan péré, àbí? Owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò ò sí nínú ẹ̀ o. Àwọn kan pa oògùn tì, àwọn míì ń lò ó ségesège, bẹ́ẹ̀ kòkòrò yìí kì í dárí ji ẹni tó bá ń fo oògùn. Ní 2006, ó di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n PEPFAR ti Amẹ́ríkà àti Global Fund ló ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà.

Ní oṣù kìíní 2025, Trump dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró fún ọjọ́ 90. Lóṣù kejì, Àbújá fọwọ́ sí ₦4.8 bílíọ̀nù fún oògùn. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé kí adójútòfò gba ẹrù náà. Òfin NHIA ti 2022 ti sọ ọ́ di dandan. Èkó náà ní Ìlera Èkó.

Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n alátà Mile 12 kò ní ọ̀gá tí yóò máa yọ owó náà nínú owó oṣù rẹ̀. Bí kò bá rí i san lọ́dún kan, ṣé wọ́n á dá oògùn ẹ̀ dúró ni? Òfin 2022 yẹn kan náà dá àpò kan sílẹ̀ fún aláìní. Inú àpò yẹn ni kí owó oògùn yìí ti máa wá.