Pípèsè fáìlì aláìyípadà láti inú fódà

Pípèsè fáìlì aláìyípadà jẹ́ iṣẹ́ kan nínú áàpù orí wẹ́ẹ̀bù, nínú èyí tí ẹ̀rọ sáfà ń mú fáìlì láti inú fódà kan, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí aṣàwákiri ẹni tí ó béèrè fún un bí ó ṣe wà gan-an. Lára irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni àwòrán, ìwé PDF, fáìlì CSS tí ó ń ṣètò ìrísí ojú-ewé, àti fáìlì JavaScript. Wọ́n yàtọ̀ sí ojú-ewé tí áàpù ń ṣẹ̀dá lójú ẹsẹ̀ fún ẹnì kan pàtó, irú bí èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́.

Nínú Flask, fódà tí ó ń jẹ́ static ni wọ́n ń lò bí olùkọ̀wé áàpù kò bá yan òmíràn. Nínú Express, express.static ni ó ń tọ́ka sí fódà náà. Django, tí ó jáde ní ọdún 2005, ń fi àṣẹ collectstatic kó gbogbo wọn jọ sójú kan, kí sáfà bíi nginx lè máa pín wọn.

Ọ̀nà tí sáfà ń gbà pín fáìlì kan owó dátà gbangba. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ní ọgbà àgbà rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń gbé ní Ìbà àti Okokomaiko, níbi tí fóònù ti jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ká ní lógò àti fáìlì ìrísí ojúlé kan jẹ́ kílóbáìtì 500. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣí ojú-ewé 10 láti forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì yóò ná nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 5 lórí ohun kan náà, bí sáfà kò bá gbà kí aṣàwákiri tọ́jú wọn. Bí ìlà Cache-Control nínú ìdáhùn sáfà bá gbà kí aṣàwákiri tọ́jú wọn fún ìgbà kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò gbà wọ́n láàárín ìgbà náà. Àmì ETag náà wúlò: bí fáìlì kò bá tíì yí padà, sáfà yóò dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà 304 láìtún fi fáìlì náà ránṣẹ́. Àmọ́ aṣàwákiri lè máa lo fáìlì àtijọ́ lẹ́yìn àtúnṣe; ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yí orúkọ fáìlì padà nígbà tí ohun inú rẹ̀ bá yí padà.

Ewu tí ó tóbi jù ni kí fódà náà ṣí ohun tí kò yẹ sílẹ̀. Àmì ../ nínú àdírẹ́sì túmọ̀ sí kí á jáde sí fódà tí ó wà lókè. Sáfà tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lè fún àlejò ní fáìlì ọ̀rọ̀ aṣínà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, irú àléébù yìí wà nínú Apache 2.4.49. Àtúnṣe 2.4.50 kò tó, àfi ìgbà tí 2.4.51 jáde. Nínú nginx, ìlà kékeré kan tí a gbàgbé ní ìparí àdírẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣẹ alias lè fa irú rẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí ìbí tàbí èsì WAEC tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ wà nínú fódà yìí, nítorí sáfà kì í béèrè ẹni tí ó ń béèrè fáìlì aláìyípadà. Ìta fódà náà ni wọ́n ń tọ́jú wọn sí, áàpù fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbé wọn jáde lẹ́yìn tí ó bá ti mọ ẹni tí ó wọlé.