Ìyá Àgbà Tí Wọ́n Bí Lójú Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn ìlú. Àwọn Alákétu ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi yà sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi.

Ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ sọ pé ní nǹkan bí 1920 ni wọ́n bí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé kan ló wo ojú rẹ̀ tó fi ọdún tó wù ú síbẹ̀. Bí ìyá àgbà ṣe ń ka ọjọ́ orí tirẹ̀ nìyí: "Oyún mi ni ìyá mi gbé sá fún àwọn tó ń kó ọkùnrin lọ sógun òyìnbó." Ogun 1914 sí 1918 nìyẹn, tí àwọn Faransé ń fi tipá kó àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe sójà. Ọ̀pọ̀ ará Kétu ló di ẹrù wọn, tí wọ́n sá kọjá sí Ìmẹ̀kọ lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn òyìnbó méjèèjì ti fọwọ́ sí ìwé ààlà, nígbà tí Kétu wà ní ahoro, tí kò sí ọba lórí ìtẹ́ tí wọn ìbá bi léèrè.

Abẹ́ igi ni wọ́n bí i sí lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò padà wálé mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ẹbí ní Ìmẹ̀kọ títí dòní, tí àwọn ọmọ wọn ń kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, tí tiwa ń kà á ní Faransé.

Ìyá tó bí ìyá àgbà, Àgbómẹ̀ ni wọ́n ti bí òun. Ní 1886 ni ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn tó kù lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn ènìyàn wa tó padà, tí wọ́n fi Onyegen jọba ní 1894. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n pọ̀n gba Àkàbà Ìdẹ́nà wọlé, sí ìlú tí kò fojú rí rí. Ìyá àgbà kì í sọ èyí níwájú àlejò. Bí ìjà bá dé nínú agbo ilé, "ọmọ ẹrú Àgbómẹ̀" ni wọ́n fi ń bú u, ó sì dùn ún títí ó fi kú. Mo kọ ọ́ síbí kí ó lè tán. Ìdílé wo ni wọn kò kó nínú wọn lọ?

Ẹ má rò pé oníbànújẹ́ ni o. Gaàrí ló ń tà, orí ló fi ń rù ú lọ sí Ìmẹ̀kọ. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà ní 1984, ó ti sún mọ́ àádọ́rin ọdún, ó gba ọ̀nà oko. Dúwáànì kan dá a dúró, ó ní níbo ló ń lọ. Ó ní, "Ọ̀nà tí wọ́n bí mi sí ni mo wà yìí. Ìwọ ńkọ́, ta ló mú ọ débí?" Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bá a gbé ẹrù rù.

Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde tí ẹsẹ̀ oníjó kò bá ìlù mu, yóò dìde lórí ẹní, yóò jó o hàn án. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, a sọ fún un. Ó ní, "Ṣé wọ́n á máa san owó onílù ni?"

Ọdún 2004 ló lọ.

Mo ti gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì rí, ní alẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ sá lọ sí Ìmẹ̀kọ. Èmi fúnra mi ni mo gba orin Kóńgò lé e lórí. Mi ò sọ fún un. Bí àgbàlagbà kan ní Ìmẹ̀kọ bá mọ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ wọ́n sílẹ̀. Ní ìparí ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì náà, níbi tí orin dákẹ́ sí, ohùn rẹ̀ kù díẹ̀: ó ń pe ọmọ kan kí ó wá lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gaàrí.