Kránkì Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè: Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Wà

Kránkì ni apá méjì tó gbá pẹ́dà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, tó ń gba ipá ẹsẹ̀, tó sì ń fi lé ṣéènì lọ́wọ́. Lórí títì ọlọ́dà, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yí lọ. Lórí òkè, ó ní iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á kì í rántí: òun ni ilẹ̀ tí oníkẹ̀kẹ́ dúró lé. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, onítọ̀hún á dìde kúrò lórí ìjókòó, á tẹ́ pẹ́dà méjèèjì ní ọgbọọgba, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, á sì kó gbogbo ara lé wọn. Ẹni tó wọn 80 kìlógíráàmù, tó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró lórí kránkì tó gùn ní 175 mìlímítà, ti ń fi ipá bíi 137 newton-mítà lọ́ ọ̀pá àárín kẹ̀kẹ́. Ìyẹn nígbà tó dúró jẹ́ẹ́ ni o. Kí táyà wá fò kúrò lórí àpáta tó ga dé orúnkún, kó balẹ̀ gbì! Ipá yẹn á di ìlọ́po-ìlọ́po, kránkì kan náà ló sì máa gbà á mọ́ra, lónìí, lọ́la, títí tí yóò fi lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà.

Abájọ tí ìlànà àwọn ará Yúróòpù fún kẹ̀kẹ́ orí òkè fi ya ìdánwò kránkì sí ọ̀nà méjì. Nínú èkíní, wọ́n á dá kránkì dagun ní digíríì 45, bíi ti ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́. Nínú èkejì, wọ́n á dá a dagun ní digíríì 30, bíi ti ẹni tó dúró lórí pẹ́dà nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Keith Bontrager, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó máa ń ṣe kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Kalifọ́níà nígbà kan rí, ni wọ́n sọ pé ó ni ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ mọ̀: nínú agbára, fífúyẹ́ àti owó pọ́ọ́kú, méjì péré ni oníbàárà lè mú lọ sílé. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò sọ ibi tí wọ́n ti gé ìwúwo kúrò. Kránkì méjì lè wọn iye kan náà lórí òṣùwọ̀n, kí ọ̀kan lo ọdún mẹ́wàá, kí èkejì má la ọdún kan já.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré kẹ̀kẹ́ orí òkè kò tilẹ̀ ro ti fífúyẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1976, ní agbègbè Marin ní Kalifọ́níà, àwọn ọ̀dọ́ kan kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ onítáyà ńlá lọ sórí òkè kan nítòsí ìlú Fairfax, wọ́n sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà erùpẹ̀. Repack ni wọ́n sọ eré náà, torí pé gírísì inú bíréèkì ẹ̀yìn máa ń jó tán kí wọ́n tó délẹ̀, àfi kí wọ́n tún ki òmíràn sí i. Kránkì irú kẹ̀kẹ́ Schwinn tí wọ́n ń gùn jẹ́ irin kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ bíi lẹ́tà S, tó gba àárín férémù kọjá láti ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ti òsì. Ó wúwo gan-an, ṣùgbọ́n kì í tètè ṣẹ́. Bó bá tilẹ̀ wọ́, òòlù á tún un nà. (Kránkì kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn lọ oko náà jẹ́ irin, àmọ́ èèkàn irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọ́tà ni wọ́n fi ń kàn án mọ́ ọ̀pá àárín. Bí kọ́tà bá ti jẹ, pẹ́dà á máa dún kọ́, kọ́, kọ́ títí dé ilé alátùn-únṣe.) Nígbà tí Joe Breeze àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ férémù tuntun láti 1977 lọ, kránkì alumíníọ́mù tí ilé iṣẹ́ TA ní Faransé ń ṣe fún àwọn arìnrìn-àjò ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Òun náà ló wà lára kẹ̀kẹ́ Stumpjumper tí ilé iṣẹ́ Specialized gbé jáde ní 1981.

Lẹ́yìn náà ni ìfẹ́ fífúyẹ́ gba gbogbo ìgboro. Láàárín ọdún 1990 sí 1996, tí kẹ̀kẹ́ orí òkè kọ́kọ́ wọ Òlíńpíìkì ní Atlanta, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Amẹ́ríkà ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ kránkì láti inú búlọ́ọ̀kù alumíníọ́mù, wọ́n ń kùn ún ní àwọ̀ elésè àlùkò àti búlúù, ó ń dán gbinrin. Púpọ̀ nínú wọn ṣẹ́. Ẹ bi gbẹ́nàgbẹ́nà, á sọ ìdí rẹ̀: ẹni tó gbẹ́ ọmọ odó lòdì sí iṣan igi mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a. Alumíníọ́mù náà ní iṣan. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ rọ ọ́ nínú ooru, iṣan náà á tẹ̀ lé ìrísí kránkì láti orí dé ìdí. Bí wọ́n bá kàn gbẹ́ ẹ, wọ́n á gé iṣan kọjá ní ibi gbogbo tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ bá tẹ̀.

Ọgbọ́n tó yanjú ọ̀ràn náà kò ju ti ọparun lọ. Ọparun ní ihò nínú, síbẹ̀ a ń fi ṣe àkàbà, àwọn bíríkìlà sì ń dúró lé e. Igi ìbẹ́pẹ náà ní ihò nínú, kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ohun méjì ló ń jẹ́ kí ihò di agbára: ara ohun èlò tó le, àti kí ara náà jìnnà sí àárín gbùngbùn. Bí a bá mú páìpù kan tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí a sọ fífẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì láìfi kún nínípọn ara rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, àmọ́ yóò le ní títẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ilé iṣẹ́ Bullseye ní Kalifọ́níà ti fi páìpù irin ṣe kránkì kí ariwo alumíníọ́mù tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Magic Motorcycle, tí Cannondale rà lẹ́yìn náà, gbẹ́ ìlàjì méjì alumíníọ́mù, wọ́n sì fi gúlù lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí igbá àti ọmọrí. Ní Japan, ilé iṣẹ́ Shimano rọ kránkì oníhò fún XTR, ọ̀wọ́ ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ orí òkè rẹ̀, kí ọdún 1990s tó parí. Nígbà tó fi máa di 2003, ọ̀pá àárín náà ti di páìpù onífífẹ̀ mìlímítà 24 tó so mọ́ kránkì ọ̀tún pátápátá, bíárì sì ti kúrò nínú férémù bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lóde, níbi tí àyè wà fún un.

Ihò kò sì wá láìní wàhálà tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Shimano kéde pé kí àwọn tó ní irú kránkì Ultegra àti Dura-Ace kan lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Kránkì títì ni wọ́n, kì í ṣe ti òkè; wọ́n ti ṣe wọ́n ṣáájú oṣù keje 2019, gúlù ni wọ́n sì fi lẹ awẹ́ méjèèjì pọ̀. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí 680,000 ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìròyìn kránkì tó ń là sí méjì ti dé 4,519, ènìyàn 6 sì ti fara pa, títí kan àwọn tí eegun wọn ṣẹ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ gbé irú kránkì bẹ́ẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù kò lè fojú rí ibi tí àlèébù wà. Ibi ìsopọ̀ ni.

Ti ohun èlò kò gba àlàyé gígùn tó báyìí. Alumíníọ́mù 7075 fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì lágbára ju 6061 lọ, bẹ́ẹ̀ ìwúwo wọn kò yàtọ̀ ju bíńtín lọ, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá ń ta kránkì fún yẹ kó béèrè nọ́ńbà. Àbùkù alumíníọ́mù ni pé kì í gbàgbé: gbogbo ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ńlá àti kékeré, ló ń kà sí i lára, irin líle sì rèé, bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kò bá kọjá ààlà kan, kò mọ̀ ọ́n lára. Káábọ̀nù fúyẹ́ ju alumíníọ́mù lọ. Ìfọ́nrán rẹ̀ gba kí wọ́n tò ó sí ibi tí ipá ń gbà, ṣùgbọ́n òkúta tó bá gbá a lè sán an nínú kí òde má fi hàn. Taiténíọ̀mù kì í dípẹtà, ó sì ń pẹ́. Owó rẹ̀ ni ìjà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Cane Creek gbé kránkì taiténíọ̀mù eeWings jáde, 999 dọ́là ni wọ́n ń tà á, fún kránkì tó wọn nǹkan bí 400 gíráàmù.

Ojú ihò pẹ́dà ni kránkì ti ń kú jù. Ibẹ̀ ni irin ti tín-ín-rín, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé yíǹyín bóòtì sí i lára, ibẹ̀ náà ló ń kọ́kọ́ kan òkúta. Pẹ́dà tí kò fún dáadáa á máa jẹ yíǹyín alumíníọ́mù díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi já. Ìdí nìyí tí Shimano fi ki òrùka irin sí ojú ihò Saint, kránkì tó ṣe fún àwọn tó ń já òkè bọ́. Ó fi kún ìwúwo, kò sì sẹ́ni tó ń ṣàròyé níbẹ̀. Kránkì káábọ̀nù ní òrùka alumíníọ́mù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú, wọ́n sì máa ń fi bàtà rọ́bà bo ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá yọ bàtà yẹn dànù torí ẹwà ti fi owó ara rẹ̀ ṣeré.

Èrè fífúyẹ́ gan-an ńkọ́? Kránkì tó dáa tó jẹ́ alumíníọ́mù máa ń wọn nǹkan bí 600 sí 700 gíráàmù; ti káábọ̀nù lè jẹ́ 450 sí 550. Ká ní ìyàtọ̀ náà jẹ́ 150. Bí oníkẹ̀kẹ́ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá jọ wọn 95 kìlógíráàmù, gíráàmù 150 yẹn kò ní dín ju ìṣẹ́jú àáyá 6 kù nínú wákàtí kan tó fi ń gòkè tó dà gan-an. Fún asáré tó ń wá àmì ẹ̀yẹ, ìyẹn lè jẹ́ ipò kan. Fún ẹni tó ń ṣeré ní òpin ọ̀sẹ̀, ìgò omi tó dà nù ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gígùn kránkì ni àwọn ènìyàn ń fojú fò. Ó pẹ́ tí 175 mìlímítà ti jẹ́ àṣà, àmọ́ férémù òde òní rẹlẹ̀, pẹ́dà sì ń gbá àpáta, ni ọ̀pọ̀ fi ń padà sí 170 tàbí 165. Ẹni tó kúrò ní 175 bọ́ sí 165 pàdánù nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ipá rẹ̀. Bó bá pààrọ̀ irin eléyín tó ń fa ṣéènì láti eléyín 32 sí eléyín 30, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Apá tó kúrú tún fúyẹ́ díẹ̀, ó sì ṣòroó tẹ̀.

Irin eléyín náà ti dín kù. Mẹ́ta ló máa ń wà lára kránkì orí òkè tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ SRAM ti gbé kránkì XX1 jáde ní 2012, pẹ̀lú eyín tó nípọn tẹ̀ lé èyí tó tín-ín-rín kí ṣéènì má baà bọ́, ẹyọ kan ló kù lára ọ̀pọ̀ wọn. Gíráàmù tó lọ lọ́nà yìí lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kò bu agbára kránkì kù. Kí a ṣáà wọn ọ̀pá àárín kí a tó sanwó: 24 mìlímítà wà, 30 wà, 28.99 tí SRAM ń pè ní DUB wà, bíárì ti ọ̀kan kì í gba èkejì.

Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi aṣọ tútù nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ihò pẹ́dà, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe lókè, kí òjìji lè fi ìlà tó tín-ín-rín bí irun hàn. Bí eékánná bá kọ́ lójú ìlà náà, kránkì yẹn ti parí iṣẹ́. Ti káábọ̀nù, owó onírin ni wọ́n fi ń kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tó bá dún kó-kó le koko, ibi tó bá dún bò-bò ti sán nínú.