Ẹsẹ̀ Wíwú Kò Dá Hogan Dúró

Bí ẹ bá dé ẹ̀bá pápá gọ́ọ̀fù ní Ìkòyí nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọ̀gá kan tí wọ́n da bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké sílẹ̀, tí wọ́n ń gbá a lọ ràì, ọgọ́rùn-ún, igba. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe, wọn á ní àwọn ń dánra wò ni. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìdánrawò ju ìdánrawò lọ, ìtàn Ben Hogan, ará Amẹ́ríkà, ni n ó sì fi là á yé yín.

Ní oṣù kẹjọ 1912 ni wọ́n bí Hogan ní ìpínlẹ̀ Texas. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 péré ni Ben nígbà tí bàbá náà fi ìbọn pa ara rẹ̀ ní 1922, ibẹ̀ sì ni ìyà ti wọlé tọ̀ wọ́n. Ọmọ náà ń ta ìwé ìròyìn ní ibùdó rélùwéè ní Fort Worth (mo kí i kú iṣẹ́, nítorí ìwé ìròyìn ló ń bọ́ èmi náà), kó tó gbọ́ pé owó wà nínú ká máa ru àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù fún àwọn olówó ní Glen Garden. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mú ọ̀pá lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ aláàárù wọ̀nyí bá ara wọn díje ní 1927, Byron Nelson, ẹgbẹ́ rẹ̀, ló gbẹ̀yẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní 1930 Hogan sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́ oòjọ́, ọmọ ọdún 17 ni. Ẹ gbọ́ ná: ó di 1940 kó tó dá nìkan gba ife kan! Kí ló ń bá a jà? Bó bá gbá bọ́ọ̀lù, a lọ dáadáa díẹ̀, lẹ́yìn náà a ṣẹ́rí sí òsì, ó di inú igbó. Owó á tán, á padà sílé, á tún jáde. Wọ́n ní ó ń gbá bọ́ọ̀lù títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi ń bó. Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọwọ́ tó bó kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ẹni tó bá ń tún àṣìṣe kan náà ṣe lójoojúmọ́, àṣìṣe náà ló ń kọ́ ní àkọ́yé.

Ní ìparí 1937, nígbà tí owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ òun àti Valerie, ìyàwó rẹ̀, Henry Picard tó ti lókìkí sọ fún un pé bí owó bá tán pátápátá, kó wá bá òun. Hogan kò lọ gba kọ́bọ̀. Àní nígbà tí àwọn olè tú táyà ọkọ̀ rẹ̀ lọ ní Oakland ní 1938, ó díje, ó sì rí owó tó gbé e dé ìlú tó kàn. Ó dá mi lójú pé mímọ̀ tó mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun ló fi í lọ́kàn balẹ̀. Picard yìí kan náà ló wo bó ṣe ń di ọ̀pá mú, tó ní kó yí ọwọ́ òsì rẹ̀ padà. Ní oṣù kẹta 1940, Hogan gba ife mẹ́ta léra wọn.

Láti ìgbà náà, kò sí bọ́ọ̀lù tó ń gbá lásán. Aláàárù rẹ̀ á lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ aláàárù ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kejì oṣù kejì 1949. Òun àti Valerie ń wakọ̀ lọ sílé nínú kùrukùru nítòsí Van Horn, ni bọ́ọ̀sì kan tó ń ya ọkọ̀ ẹrù sílẹ̀ bá forí sọ wọ́n. Hogan fi ara rẹ̀ bo ìyàwó rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, irin ìdarí ọkọ̀ ì bá gún un pa. Egungun ìbàdí, ti èjìká, ti ìhà àti ọrùn ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tún dì nínú iṣan rẹ̀, àwọn dókítà sì ní láti so iṣan ńlá inú rẹ̀ pa kó má baà kú. Láti ìgbà yẹn lọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú.

Oṣù 16 lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹfà 1950, ó wà ní Merion níbi ìdíje ńlá Amẹ́ríkà, ó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ méjèèjì. Ihò 36 ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbá lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn ín. Kó tó parí, agbára káká ló fi ń gbé ẹsẹ̀. Ní ihò tó kẹ́yìn, ó fi ọ̀pá onírin gbá bọ́ọ̀lù tó lé ní 200 yáàdì gúnlẹ̀ sórí koríko ihò. (Olè jí ọ̀pá yẹn lọ́jọ́ náà, ó di 1983 kó tó tún jáde.) Òun, Lloyd Mangrum àti George Fazio jọ bára dọ́gba. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún un gbá: Hogan 69, Mangrum 73, Fazio 75.

Ní 1953 ó lọ sí Carnoustie ní Scotland. Bọ́ọ̀lù wọn níbẹ̀ kéré sí ti Amẹ́ríkà, nítorí náà ó ti ṣíwájú ìdíje dé, ó ń fi í dánra wò, ó ń fẹsẹ̀ wọn pápá. Ìpele mẹ́rin tó gbá: 73, 71, 70, 68. Kì í bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ lórí pápá, ni àwọn ará Scotland bá sọ ọ́ ní ọkùnrin yìnyín kékeré. Ife ńlá mẹ́ta ló gbà lọ́dún yẹn.

Ṣé ọkàn líle wá ń wo gbogbo nǹkan sàn ni? Rárá o. Nígbà tó yá, títi bọ́ọ̀lù sínú ihò láti ìtòsí ló wá di ogun fún un: á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo bọ́ọ̀lù títí, ọwọ́ kò ní lè gbé ọ̀pá. Ní San Francisco ní 1955, Jack Fleck tí a kò gbúròó rẹ̀ rí bá a dọ́gba, ó sì fi 69 sí 72 lù ú lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pá wo ni Fleck lò? Èyí tí ilé iṣẹ́ Hogan fúnra rẹ̀ ṣe ni!

Kò tún gba ife ńlá kankan mọ́. Ṣùgbọ́n títí ó fi dàgbà, wọ́n ṣì ń rí i ní Shady Oaks ní Fort Worth, òun nìkan pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rẹ̀, tó ń gbá a lọ sí ibi tó fojú sùn. Oṣù keje 1997 ló kú, ẹni ọdún 84.