Ògèdèǹgbé ará Iléṣà àti Ilẹ̀ Àkókó

Ẹ̀yin àgbà Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ó lè yà yín lẹ́nu pé a mú orúkọ yìí wá sí àárín yín. Ní ayé àwọn babańlá yín, nígbà tí òkè àti àpáta jẹ́ odi fún ìlú, ìró ogun ọkùnrin yìí kò ṣe àjèjì ní Àkókó, bí ti àwọn Tápà àti ti Ìbàdàn kò ti ṣe àjèjì.

Ìbàdàn ni Ògèdèǹgbé ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kan náà ni wọ́n fọ́ Iléṣà ní 1870, òun sì wà lára àwọn tí ó gbèjà ìlú náà. Lẹ́yìn èyí ni ó kọrí sí ìhà ìlà-oòrùn, ó tẹ̀dó sí Ìta-Ògbólú lẹ́bàá Àkúrẹ́, ó sì ń ti ibẹ̀ jagun kó ẹrú títí dé ilẹ̀ Àkókó. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ nítorí pé a fẹ́ yìn ín. Ẹni tí ogun tú ilé rẹ̀ ká ni ó ń tú ilé ẹlòmíràn ká.

Ní 1878 Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde, àwọn ará Àkókó sì wà nínú ìmùlẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ń wá olórí, Ògèdèǹgbé ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Kò yára dáhùn, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó lọ. Ẹ rò ó wò: àwọn tí ó ti kó lẹ́rú rí wá dúró lábẹ́ àṣẹ rẹ̀! Àwa kò rò pé wọ́n ti gbàgbé. Ìnira àwọn ajẹ́lẹ̀ ni ó wúwo jù lójú wọn.

Ní Kírìjí, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó fi ìbọn tí a ń ti ìdí kì ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ba Ìbàdàn. Látòósà, Ààrẹ Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885. A ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ibùdó kò tú ká títí di 1893.

Ní ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, Alcibiades ará Áténì sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Spáta, ọ̀tá ìlú rẹ̀, ó ti ibẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ará Páṣíà, ìlú rẹ̀ sì tún fi í ṣe olórí ogun. A máa ń fi irú wọn wé ara wọn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Alcibiades kọ́ ọ̀tá bí wọn yóò ti pa ìlú rẹ̀ lára. Ògèdèǹgbé kọ́ ogun lọ́wọ́ ọ̀tá, ó sì mú un wá sílé.

Ní 1894 Kápítéènì Bower mú un, a sì mú un lọ sí Ìwó. Ó padà wálé, ó jẹ Ọbańlá ní 1898, ó sì wà lórí oyè títí ó fi kú ní 1910.